Kí Ló Dé Tí Àgbẹ̀ Vietnam Fi Ń Ṣílẹ̀kùn fún Omi Iyọ̀?

Ẹni tó bá ń ṣòwò kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ṣàìmọ orúkọ Vietnam, torí ọ̀pọ̀ kajú tí wọ́n ń kó jáde láìtíì fọ́, ibẹ̀ ló ń gúnlẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì wọn ni mo bá dé lónìí, torí ohun kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn àgbẹ̀ kan ń mọ̀ọ́mọ̀ gba omi iyọ̀ sínú oko ìrẹsì?

Òótọ́ ni. Ní ìsàlẹ̀ gúúsù Vietnam, níbi tí odò Mekong ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun, ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀: Cà Mau, Bạc Liêu, Kiên Giang, Sóc Trăng. (Ìjọba da àwọn ìpínlẹ̀ kan pọ̀ mọ́ra ní 2025, orúkọ àtijọ́ ni mo lò.) Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò á fà, omi òkun á sì gba ẹnu odò wọlé, á rin ọ̀pọ̀ kìlómítà. Tí iyọ̀ bá ti tó gíráàmù 4 nínú lítà omi kan, ara ìrẹsì kì í gbà á mọ́. Edé ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ á wá ṣí ojú omi kékeré tó wà létí oko rẹ̀, omi iyọ̀ á wọlé, á da ọmọ edé sí i. Tí òjò bá dé, á fi omi òjò ṣan iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ léraléra, á wá gbin ìrẹsì ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Ìparí ọdún tàbí oṣù kìíní ló máa ń kórè, kí iyọ̀ tó tún dé.

Báwo ni oko kan ṣe ń gba méjèèjì?

Wọ́n ń gbẹ́ kòtò yí oko ká, wọ́n á sì fi àárín sílẹ̀ kó ga díẹ̀. Inú kòtò ni edé ń sá sí tí oòrùn bá mú, orí ibi tó ga yẹn ni ìrẹsì ń hù sí. Ìgbẹ́ edé á di ajílẹ̀ fún ìrẹsì. Pòròpórò ìrẹsì tó jẹrà á pèsè oúnjẹ fún edé. Àgbẹ̀ kì í fẹ́ fín oògùn apakòkòrò, torí edé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kú. Àrùn tó ń ta àmì funfun sára edé, tó lè pa gbogbo ohun tó wà nínú adágún láàárín ọjọ́ díẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè bí ilẹ̀ bá ń sinmi lọ́wọ́ edé lọ́dọọdún. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: edé ń tún ilé ṣe de ìrẹsì, ìrẹsì náà ń tún un ṣe de edé.

Irúgbìn ní ìtàn tirẹ̀. Ní Hồng Dân, ní Bạc Liêu, ìrẹsì ìbílẹ̀ Một Bụi Đỏ ni wọ́n mọ̀ mọ́ irú oko bẹ́ẹ̀. Irúgbìn ìrẹsì mìíràn, ST25, tí Hồ Quang Cua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sóc Trăng, gba ipò kìíní nínú ìdíje ìrẹsì tó dára jù lọ láyé, ní Manila, ní 2019.

Ṣé ìjọba ló kọ́ wọn?

Ní Bạc Liêu, ìjà ni wọ́n bá dé ibẹ̀. Láti nǹkan bí 1994 ni ìjọba ti ń kọ́ géètì ńlá sẹ́nu àwọn odò láti dínà mọ́ iyọ̀, kí wọ́n lè máa gbin ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Orílẹ̀-èdè tí ebi ti pa ni. 1986 ni àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Đổi Mới ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin edé lẹ́yìn géètì pàdánù omi iyọ̀ wọn, nígbà tí edé ń pa owó tí ìrẹsì kò lè pa. Ní 2001, wọ́n lọ fọ́ ìdènà omi tó wà ní Láng Trâm. Ìjọba yí ètò padà lẹ́yìn náà: wọ́n pín àgbègbè fún edé àti fún ìrẹsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí géètì lásìkò. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbé kọnkéré kalẹ̀. Ẹnì kan kò sì lè dá a ṣe: iyọ̀ tí lágbájá gbà sóko lè pa ìrẹsì aládùúgbò rẹ̀.

Ṣé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ewu ojú ọjọ́ nìyẹn?

Rárá o. Bí òjò bá fà sẹ́yìn, iyọ̀ kò ní ṣàn tán, ìrẹsì á kú lórí ẹsẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní 2015 sí 2016. Ní 2019 sí 2020, iyọ̀ tún le ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ àdánù kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ìkìlọ̀, wọ́n sì gbìn kánkán kí iyọ̀ tó bá wọn. Àwọn ará Bến Tre, ìpínlẹ̀ mìíràn ní ẹkùn náà, ra omi mímu lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi lọ́dún náà.

Ewu mìíràn kò tọwọ́ òjò wá. Ìsédò tó wà lókè odò ń di ẹrẹ̀ mú, àwọn tó ń wa yanrìn ń jin odò, omi kànga tí wọ́n ń fà sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ náà máa rì.

Ọjà ńkọ́?

Ọjà ló ń dá oorun mọ́ wọn lójú. Alájàpá á fi ọkọ̀ ojú omi wá sóko, á san owó àsansílẹ̀ sórí ìrẹsì tí kò tíì gbó. Tí owó ọjà bá já lulẹ̀, ó lè má padà wá. Owó àsansílẹ̀ yẹn nìkan ló máa kù lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ẹ wo òkè ní Đắk Lắk àti Gia Lai, níbi tí wọ́n ń gbin kọfí. Owó kọfí já lulẹ̀ pátápátá ní nǹkan bí 2001. Nígbà tó yá, àwọn kan gé kọfí, wọ́n gbin ata oníhóró dúdú, ìbátan iyèré wa. Ata ga ní 2015, ó tún já, àrùn sì jẹ oko. Lẹ́yìn tí Ṣáínà fàyè gba durian, èso ńlá ẹlẹ́gùn-ún kan, láti Vietnam ní 2022, gbogbo ojú yí síbẹ̀. Ní 2024, kọfí wá gbówó lórí ju ti ìgbàkígbà rí lọ, lẹ́yìn tí àwọn kan ti gé tiwọn. Àwọn tó gbin ata àti durian sáàárín kọfí láìgé e ló rí nǹkan mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ti lọ síṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Bình Dương àti Ho Chi Minh City. Láàárín 2009 sí 2019, iye èèyàn tó ń gbé ní ẹkùn Mekong yẹn, mílíọ̀nù 17 ó lé díẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má pọ̀ sí i rárá. Nínú owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ni ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá ti ń ra ọmọ edé tí wọ́n máa dà sóko nígbà tí omi iyọ̀ bá tún dé.