Èkó Ló Sọ Wolé-Wolé Lórúkọ, Èkìtì Ti Ń Ṣe É Tipẹ́

Bí ẹ bá bi ọmọ Èkó léèrè ibi tí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, ti ṣẹ̀, kò ní pẹ́ dá yín lóhùn: Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé ni. Àjàkálẹ̀ àrùn èkúté bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924, Olúwọlé ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú níbẹ̀, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó Yábàá sílẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ bá mi jiyàn rí pé orúkọ dókítà yìí ni wọ́n lọ́ tó di wolé-wolé. Ìyẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ká wọlé, ọ̀tọ̀ ni ká wo ilé.

N ò bá Èkó du orúkọ náà. "Ulé" làwa Èkìtì ń pe ilé, ẹni tó bá sì gbọ́ "wolé-wolé" mọ̀ pé ẹnu ẹlòmíì ló ti jáde. Iṣẹ́ yẹn ni mo ní ó ti wà lọ́dọ̀ wa kó tó lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ létí omi. Ilẹ̀ olókè ni tiwa, àwọn àgbà ní inú òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá, omi sì ń sun lẹ́sẹ̀ àpáta káàkiri. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ní èèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki ìkòkò tó ní èédú nídìí bọ odò. Òkè ni wọ́n ti ń pọn mímu, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ. Wọ́n ní òrìṣà odò ló kórìíra èédú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé àgbà kan ló rí i pé omi ń bàjẹ́, tó bẹ àwọn ará ilé rẹ̀ títí tí wọn ò gbọ́, ló bá gbé ẹjọ́ náà fún òrìṣà. Agbófinró wo ni kì í sùn, tí kì í gba rìbá, bí kò ṣe òrìṣà?

Ẹ tún gbọ́ òwe tó ní kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là á ké sí. Ewé ni olúgànbe. Lóòótọ́, omi tí a mu ni sòbìà ń bá wọ ara, ewé ò lè dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yìí ti mọ̀ pé kí a tó rí egbò ni iṣẹ́ wà, èyí tí ọ́fíìsì ìjọba ń fi ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta wá lóde òní.

Ti Ṣọ̀pọ̀ná, òrìṣà tó ni àrùn ìgbóná, wá ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ gan-an a kì í pè é tààrà, Olóde là ń sọ, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Láyé ìgbà tí àrùn náà ṣì wà, ẹni tí ó bá pa, wọn kì í sin ín sínú ilé, àwọn abọrẹ̀ ló máa ń gbé òkú lọ sínú igbó, wọn a sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn dókítà Èkó ní olè ni wọ́n, pé àwọn gan-an ló ń tan àrùn náà ká. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan burú. Àmọ́ ẹ wò ó: òkú kúrò nílé, aṣọ àti ẹní kúrò nílé, ìlù dákẹ́, èrò ò pé jọ. Kí ni dókítà ìbá tún pa láṣẹ?

Ìyókù ò gùn. Wolé-wolé ìgbà òyìnbó dé lórí kẹ̀kẹ́, ó ń yọjú sínú àmù, ó ń wá tanwíjí. Ìyá àgbà mi máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń da odidi àmù omi nù bí wọ́n bá ti gbúròó agogo kẹ̀kẹ́, omi tí wọ́n rin ìrìn àárọ̀ kùtù lọ pọn. Ní 1985 ìjọba ológun gbé ìmọ́tótó oṣooṣù kalẹ̀. Ní 1996 a di ìpínlẹ̀. Ní 2013 àjọ ìlera àgbáyé ní sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ní 2019 Ààrẹ buwọ́ lu àṣẹ pé kí ìyàgbẹ́ ní gbangba dópin.

Ẹ̀yin tó mọ̀ ẹ sọ fún mi: ìdọ̀tí jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ nínú òfin, omi ẹ̀rọ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, gọ́tà etí títì àpapọ̀ jẹ́ ti Àbújá. Ẹrẹ̀ tí a kó jáde ní Sátidé ìmọ́tótó, ta ló ni ín? Òjò ló ń kó o padà.

Ní ìlú mi, kò sẹ́ni tó tíì ki ìkòkò eléèédú bọ odò náà títí dòní. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ló kún ún. Kò sẹ́ni tó tíì lọ fi ọ̀rá han òrìṣà.