Fíúùsì onígíláàsì tó ní T: èwo ló yẹ ẹ̀rọ yín?

Ká ní ẹ ní ampilifáyà tó ń lo tiransifọ́mà ńlá. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, kì í gbà ju áńpíà 1 lọ lára iná ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń tàn án báyìí, ó lè fa ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn, kó sì tún wálẹ̀ kíá. Irin àárín tiransifọ́mà àti àwọn kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́) tó ṣófo ló ń gba iná sára. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Àmọ́ fíúùsì tó ń yára jó kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, bíi pé wáyà méjì kan ara wọn ló ṣe máa jó.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe irú èyí tó ní sùúrù. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin tó dé gíláàsì náà lórí. Bí ẹ bá rí T1AL250V, T ni pé kì í tètè jó, 1A ni áńpíà rẹ̀, 250V ni fólítì tí wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó kọjá. L, a óò dé ibẹ̀. F ni wọ́n ń kọ sára èyí tó ń yára.

Nínú àwọn onísùúrù kan, ẹ̀kán tíìnì kékeré wà lára wáyà. Ooru tó kàn wá fìrí kò lè yọ́ ọ. Bí ooru bá pẹ́, tíìnì á yọ́ wọ inú wáyà, wáyà á sì já. Nínú òmíràn, wọ́n á yí wáyà mọ́ ọ̀pá tín-ín-rín kan tó ń fa ooru mọ́ra.

Ìlànà IEC 60127, tó wà fún irú fíúùsì kékeré báyìí kárí ayé, sọ ọ́ di iye. Bí iná bá tó ìlọ́po mẹ́wàá áńpíà tí wọ́n kọ sára fíúùsì, F1A onígíláàsì gbọ́dọ̀ jó kí mìlísẹ́kọ́ǹdì 20 tó kọjá (ẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ǹdì ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). T1A lè fara dà á fún mìlísẹ́kọ́ǹdì 20 sí 300. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò retí rèé: bí iná bá dúró sórí ìlọ́po 2.1, T gbọ́dọ̀ jó láàárín ìṣẹ́jú 2, F sì lè lò tó ìṣẹ́jú 30. T kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Nítorí náà, bí F1A bá ń jó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, tí ìwé ẹ̀rọ náà sì ní T1A ló yẹ, T1A ni kí ẹ rà. Ó dùn mí gan-an bí mo bá rí i tí wọ́n ń fi 3.15A rọ́pò. Ìyẹn lè gbé áńpíà 4.7 fún wákàtí kan láì jó, tiransifọ́mà á sì ti jóná kí ó tó mọ̀. Ti wáyà bàbà tí wọ́n ń wé mọ́ ọn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

L wá ńkọ́? Òun ló ń sọ pé agbára fíúùsì náà láti gé iná tó ya wọlé lójijì kéré; H ni ti èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀. Fún 1A, áńpíà 35 péré ni ìlànà fọwọ́ sí pé ó lè gé láìséwu. Bí ẹ̀rọ bá béèrè H, èyí tó jẹ́ seramíìkì tí wọ́n rọ yanrìn sí nínú, tó sì lè gé áńpíà 1500, ẹ má fi onígíláàsì rọ́pò rẹ̀. Gíláàsì lè fọ́ káàkiri. Fíúùsì ọkọ̀ onífólítì 32 kò sì gbọ́dọ̀ dé ara iná ilé.

Kí ẹ tó sọ èyí tó jó nù, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí wáyà bá kàn já láàárín tí gíláàsì sì mọ́, iná pọ̀ díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí gíláàsì bá dúdú tàbí tó ń dán bíi dígí, nǹkan kan ti kan ara wọn nínú ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì wá a rí kí òmíràn tó wọ ibẹ̀.