Bí A Ṣe Ń Bó Wọ́ọ̀pépà Tó Ti Gbó Lára Ògiri

Ọ̀pọ̀ onílé tó ń pè mí wá kun ọ̀dà ló ti kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ ha wọ́ọ̀pépà rẹ̀ títí tí síkírídìn, ìyẹn nǹkan funfun tí a fi ń mú ojú ògiri dán kí a tó kun ọ̀dà, fi bá a ṣí kúrò. Owó títún ògiri ṣe á wá ju owó ọ̀dà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agbára ṣe é. Omi ló ń bó wọ́ọ̀pépà, ọwọ́ wa kàn ń kó o kúrò ni.

Èyí tó wọ́pọ̀ nílé wa, ọ̀rá ló wà lójú rẹ̀, bébà ló wà lẹ́yìn. Omi kì í gba ara ọ̀rá kọjá. Ẹ wá igun tó ti ń ṣí, ẹ rọra fà á wálẹ̀, kí ọwọ́ yín má jìnnà sí ògiri. Ọ̀rá á bọ́, á ku bébà. Bébà yìí lẹ máa fi fóòmù tẹ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí, kí ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ wà nínú omi náà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó ti síkírépà, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń ha ògiri, bọ abẹ́ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Síkírídìn máa ń rọ̀ tómi bá pọ̀ jù, nítorí náà apá kékeré ni kí ẹ máa mú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì ti pa iná yàrá náà láti ibi méètà o. Omi tó bá ṣàn wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lè pa ènìyàn.

Gọ́ọ̀mù tó kù sára ògiri ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, torí ojú kì í rí i. Ẹ ki ọwọ́ bọmi, ẹ fi pa ara ògiri: bó bá ń yọ̀, gọ́ọ̀mù ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá kun ọ̀dà lé e, ọ̀dà á sán, á máa ṣí. Ẹ fọ̀ ọ́ títí yíyọ̀ náà á fi tán. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń po gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà fi ń lẹ pákó mọ́ gọ́ọ̀mù wọ́ọ̀pépà. Ìyẹn kì í fẹ́ yọ́ mọ́ tó bá ti gbẹ, sánpépà ló ń kápá rẹ̀.

Bí ẹ bá bá èbu dúdú lẹ́yìn bébà, ẹ bo imú, ẹ ṣí fèrèsé. Ọ̀rinrin wà nínú ògiri yẹn, ọ̀rá ni kò jẹ́ kó rọ́nà jáde. Ẹ má lẹ òmíràn bò ó, kí àwọn ọmọ tó ń sùn níbẹ̀ má baà máa fa èbu náà símú. Ẹ kọ́kọ́ pe bíríkìlà tàbí púlọ́ńbà kó wá ibi tómi ti ń wọlé. Ìgbà tí ògiri bá gbẹ dénú ni kí ẹ tó pè mí.