Yíyan ọ̀rọ̀ ìṣàwárí fún ìkànnì ayélujára

Ọ̀rọ̀ ìṣàwárí ni ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, tàbí odidi gbólóhùn, tí ènìyàn ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google tàbí Bing nígbà tó bá ń wá nǹkan lórí ayélujára. Ẹni tó bá fẹ́ yan ọ̀rọ̀ ìṣàwárí fún ìkànnì rẹ̀ ní láti wádìí ohun tí àwọn tó ń wá irú ọjà tàbí ìmọ̀ tó ní ń tẹ̀ ní ti gidi, kó sì kọ ojú-ewé rẹ̀ lọ́nà tí yóò bá a mu. Ẹnu ẹni tó ń wá nǹkan ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ni nǹkan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ti ń kùnà.

Láyé AltaVista, ẹ̀rọ ìṣàwárí kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1995, ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ewé gan-an ni ẹ̀rọ ìṣàwárí gbójú lé jù. Àwọn tó ni ìkànnì a máa to ọ̀rọ̀ jọ sínú àmì kan tó fara sin fún òǹkàwé, tí wọ́n ń pè ní meta keywords. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀nà ẹ̀tàn: ẹni tó ń ta bàtà lè kó orúkọ àwọn olórin síbẹ̀ kí èrò ṣáà lè yà wọlé. Google, tí Larry Page àti Sergey Brin dá sílẹ̀ ní 1998, fi iye àti iyì àwọn ìkànnì mìíràn tó tọ́ka sí ojú-ewé kún òṣùwọ̀n rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ó kéde pé òun kì í wo meta keywords rárá bí òun bá ń to èsì. Bó bá jẹ́ torí Google ni ènìyàn ṣe ń kún un lónìí, òfò àkókò ni. Àtúnṣe Hummingbird ti 2013 àti BERT ti 2019 tún mú kí Google máa gbìyànjú láti lóye gbólóhùn lódindi, nítorí náà kò pọn dandan mọ́ kí ọ̀rọ̀ ojú-ewé bá ohun tí ènìyàn tẹ̀ mu léta sí léta.

Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ní 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Andrei Broder pín in sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan fẹ́ mọ nǹkan, àwọn kan ti mọ ìkànnì tí wọ́n fẹ́ lọ, àwọn kan sì fẹ́ ṣe nǹkan, bíi kí wọ́n rajà. Ẹni tó tẹ orúkọ báńkì rẹ̀ kò wá báńkì mìíràn. Kò sí èrè nínú kí ẹlòmíràn máa bá báńkì náà du ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Oníṣẹ́ àdìrẹ mọ oríṣi rẹ̀ bíi ẹlẹ́kọ, oníko àti alábẹ́rẹ́, ó sì lè rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà ṣe ń pè é. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ló ṣeé ṣe kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Kampala ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe aṣọ yìí lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ Kampala nìkan, olú-ìlú Uganda ni yóò jáde sí i. Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ lẹ́nu èrò ọjà lè má wúlò bó bá dá wà. Àfi kí wọ́n fi "aṣọ" tàbí "fabric" kún un. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá aṣọ ìkómọ lè tẹ "adire fabric UK", èyí tí oníṣòwò Ìtòkú lè má rò rí láyé. Ìbéèrè tí oníbàárà ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni ìṣúra tó sún mọ́ni jù. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá béèrè pé "ṣé kì í ṣá?", ó yẹ kí ojú-ewé kan wà tó ṣàlàyé bí a ṣe ń fọ àdìrẹ kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá.

Ìkànnì tuntun kò lè tètè borí lórí "àdìrẹ" nìkan, torí ìkànnì ńláńlá ti gba iwájú. Gbólóhùn gígùn, bíi "bùbá àdìrẹ fún ìkómọ", kì í ní èrò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti mọ ohun tó fẹ́. Google fúnra rẹ̀ ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé nínú ìwárí ojoojúmọ́, nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí. Kò sí àkójọ tó lè kó gbogbo rẹ̀ tán.

Google ní irinṣẹ́ tó lè ranni lọ́wọ́ láti yan ọ̀rọ̀. Google Trends, tó jáde ní 2006, ń fi bí ìwárí ọ̀rọ̀ ṣe pọ̀ tó wéra lórí òṣùwọ̀n 0 sí 100. Kì í sọ iye ìwárí. Keyword Planner, tó jẹ́ ti Google bákan náà, ń fúnni ní ìdíwọ̀n iye náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń polówó ni wọ́n ṣe é fún.

Èdè Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ léta sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù, nítorí náà "owo" lè jẹ́ owó, ọwọ́, òwò tàbí ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń yanjú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, léta bíi ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú léta: ọ̀nà bíi mélòó kan ni wọ́n lè gbà to àmì rẹ̀ pọ̀, tí ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí kan ń sọ wọ́n di ọ̀kan, àpótí ìwárí inú ìkànnì kékeré sì lè má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ojú-ewé ní àmì ohùn pípé, kí àdírẹ́sì rẹ̀ má ní, ló dára jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà yẹ kó ti hàn ni àkọlé, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ àti àdírẹ́sì ojú-ewé. Nínú ìlànà Google, kíkó ọ̀rọ̀ kan náà jọ léraléra jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè lé ojú-ewé kúrò nínú èsì.

Google Search Console, irinṣẹ́ Google fún ẹni tó ni ìkànnì, tí kò gba kọ́bọ̀, ń fi ọ̀rọ̀ tó gbé ojú-ewé jáde láàárín oṣù 16 sẹ́yìn hàn, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń gbé ojú-ewé jáde tí ẹnikẹ́ni kì í wọlé, àkọlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ìkànnì kò rò rí, tó sì ń mú èrò wá, yẹ fún ojú-ewé tirẹ̀.