Iṣẹ́ tó tó ọmọ ṣe, àti èyí tó yẹ ká sanwó rẹ̀

Ẹ má ṣe sanwó fún ọmọ yín nítorí pé ó gbá yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú láàárín àwọn òbí tí mo ń gbà nímọ̀ràn nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan gbà pé ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó títí yóò fi ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, ti fowó lé gbogbo nǹkan: abọ́ fífọ̀ ní iye tirẹ̀, bẹ́ẹ̀dì títẹ́ ní iye tirẹ̀, títí kan gbígbé oúnjẹ fún àlejò. Ọmọ ti àkọ́kọ́ á dàgbà láìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná. Ti èkejì ni yóò bi ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, tó ní kó bá òun bu omi wá, pé, "Mọ́mì, èló lẹ máa fún mi?" Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi, ó sì dùn mí.

Iṣẹ́ ilé pé oríṣi méjì. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó mẹ́nu ba owó rárá. Oríṣi kìíní ni ìpín tí ẹnikẹ́ni tó ń gbé nínú ilé ń ṣe nítorí pé ó ń gbébẹ̀: kó fọ abọ́ tó fi jẹun, kó tẹ́ ibi tó sùn sí, kó gbálẹ̀ nígbà tó bá kàn án, kó fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, kó gbé àbúrò rẹ̀ tó bá ń sunkún. Kò sí owó nídìí ìyẹn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà dáadáa, ó tó. Oríṣi kejì ni iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí ọmọ kò bá ṣe é, ará ìta lẹ máa pè wá ṣe é, ẹ ó sì sanwó fún un: ọkọ̀ fífọ̀, koríko ẹ̀yìnkùlé, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ tí ẹ fẹ́ fọ̀ kí Iléyá tó dé, gbogbo fèrèsé tí eruku ọyẹ́ ti bò. Irú èyí ni ọmọ lè fi gbowó.

Kì í ṣe èrò tèmi nìkan ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má fowó sí oríṣi kìíní. Ní 1973, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Lepper, Greene àti Nisbett, ṣe ìdánwò pẹ̀lú àwọn ọmọ jélé-ó-sinmi tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn kan nínú wọn pé bí wọ́n bá yàwòrán, àwọn yóò fún wọn ní ìwé ẹ̀yẹ tó ní rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n fún wọn lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán mọ́ bí àwọn tí wọn kò ṣèlérí kankan fún. Ní 2008, àwọn olùwádìí méjì mìíràn, Warneken àti Tomasello, rí ohun tó jọ ọ́ ní Jámánì, lára àwọn ọmọ oṣù 20: àwọn tí wọ́n ń fún ní nǹkan ìṣeré nígbàkígbà tí wọ́n bá ran àgbà lọ́wọ́ wá dín ìrànlọ́wọ́ wọn kù nígbà tí nǹkan ìṣeré náà dá. Ọmọ ti ní ìfẹ́ àtiran ẹni lọ́wọ́ nínú kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Ẹ má fi náírà pa á.

Iṣẹ́ kan wà tó wà láàárín oríṣi méjèèjì, òun ni òwò ilé. Bí ìyá bá ń dín gàrí tà, tí ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í ní Sátidé láti bẹ ẹ̀gẹ́, ọmọ náà ti wà nínú òwò, ó sì yẹ kó rí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a ti lọ̀ máa ń lo ọjọ́ mélòó kan nínú àpò kó tó kan bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń kan, torí náà owó iṣẹ́ Sátidé kì í jáde ní Sátidé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró dè é. Nígbà tí ìyá bá tà tán, kó pe ọmọ, kó ṣe ìṣirò lójú rẹ̀: iye tí a tà rèé, owó ẹ̀gẹ́ rèé, owó ẹ̀rọ rèé, owó igi rèé, ohun tó ṣẹ́ kù rèé. Kó wá mú tirẹ̀ fún un láti inú ohun tó ṣẹ́ kù. Ọmọ tó bá ti mọ̀ láti kékeré pé iye tí a tà yàtọ̀ sí èrè, nǹkan ńlá ni ìyá rẹ̀ fún un.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ọmọ ọdún 2 bá ń fa ìgbálẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá ìgbálẹ̀ kékeré fún un. Kò ní gbá a mọ́, kò sì burú. Kó máa kó bàtà sí ìdí ògiri, kó máa gbé ṣíbí wá, kó ju aṣọ tó dọ̀tí sínú agbọ̀n. Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 lè bá yín ṣa ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í, nítorí àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn fẹ́ràn kí wọ́n máa ki ẹ̀wà bọ imú. Láti ọdún 6 títí dé 8, ó lè gbá yàrá, kó fọ abọ́ tí kò lè fọ́, kó ká aṣọ tó gbẹ, kó sì jíṣẹ́ dé ìsọ̀ tí ojú yín ká, bí kò bá ní sọdá títì. Ọ̀rọ̀ títì yìí ká mi lára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 kì í sábà lè fojú díwọ̀n bí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà ṣe ń sáré bọ̀. Kì í ṣe àìgbọràn, ọpọlọ rẹ̀ ni kò tíì dé ibẹ̀.

Ọmọ ọdún 9 sí 11 lè fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, kó se ẹyin nígbà tí àgbà bá wà nítòsí, kó rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹ bá a fi epo pa ọwọ́ kí ewùrà má baà yún un, kí ẹ sì gba ewùrà náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ti kéré mọ́ ọn lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni irin ti ń gé ìka. Ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ kò yẹ ọmọ tí kò tíì tó ọdún 11. Kí àwọn kékeré máa ṣa èèpo, kí wọ́n má sì fi ẹ̀gẹ́ tútù sẹ́nu, nítorí sáyánáìdì, májèlé tó wà nínú rẹ̀, kì í kúrò àfi bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ. Láti ọdún 12 lọ, ọmọ lè se oúnjẹ odidi, lọ aṣọ, kó sì ná ọjà. Fún ọmọ ọdún 13 ní ìwé ohun tí yóò rà àti owó, kó lọ sí ọjà, kó padà pẹ̀lú ṣéńjì tó pé. Ẹ̀kọ́ ìṣirò wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Omi pípọn ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Lítà omi kan wọn kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún jẹ́ kílò 25, ìwọ̀n odidi ọmọ ọdún 8 ni ìyẹn. Nígbà tí ẹ bá gbé e lé ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí, ọmọ mìíràn tó tó o ni ẹ gbé lé e lọ́rùn. Ọmọ ọdún 8, kẹ́ẹ̀gì kékeré tí kò ju lítà 3 lọ ti tó o. Kó lọ lẹ́ẹ̀mejì bó bá pọn dandan. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn náà sọ di òfin ní 2006, sọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ mú ọmọ gbé ẹrù tó wúwo débi tí yóò fi pa ìdàgbàsókè rẹ̀ lára. Òfin yẹn kan náà gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí láàyè, ìbáà jẹ́ ti oko tàbí ti inú ilé, ṣùgbọ́n kò gba kí ọmọ máa kiri ọjà lójú títì márosẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò sí iye tí ẹ lè san tó lè sọ wọ́n di ti ọmọdé. Jẹnẹrétọ̀ títan, bíbu epo sí i, sílíńdà gáàsì pípààrọ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ògùn ẹ̀fọn fífọ́n. Kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ wà nínú ike omi mímu láéláé. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fipá mú un bì, ẹ má fún un ní epo pupa mu; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì tó bá tún gba ọ̀nà ọ̀fun padà máa ń bà jẹ́. Bí omi gbígbóná bá dà sí i lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ fi sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi ìpara ìfọyín sí i.

Ó wá ku owó. Ẹ jọ dá iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ọmọ lè kà. Ká ní ₦300 ni fún ọkọ̀ fífọ̀. Ẹ sọ ohun tí "fífọ̀" jẹ́ nílé yín: táyà ńkọ́, inú ọkọ̀ ńkọ́? Bó bá ṣe é dé ààbọ̀, ẹ má gé owó rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ ní kó lọ parí rẹ̀ kó tó wá gbowó. Bí ẹ kò bá lówó lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà, ẹ sọ fún un, ẹ kọ gbèsè náà sílẹ̀, kí ẹ sì san án. N kò fara mọ́ owó fún ipò kìíní nínú kíláàsì, nítorí ọmọ tí kò mú ipò kìíní lè ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó mú un lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń bàjẹ́ nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Àlejò fún ọmọ lówó lọ́jọ́ ọdún, ìyá ní, "Mú un wá kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀." Ọmọ kò rí owó náà mọ́. Lọ́jọ́ tó bá bèèrè, wọ́n á ní ṣé oúnjẹ tó ń jẹ kì í ṣe owó ni. Àwọn ọmọ ń sọ ọ́ fún mi ní ọ́fíìsì, ohùn wọn kì í sì í dùn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó tí o bá fi pamọ́ ti sọnù, pé èyí tí o bá yára ná nìkan ni tìrẹ. Lẹ́yìn náà la ó máa bínú pé wọn kò lè tọ́jú owó. Ẹ ra kóló fún ọmọ, kó wà ní ibi tí ojú rẹ̀ ti lè tó o, kó jẹ́ pé òun ni yóò fọ́ ọ, lọ́jọ́ tí ẹ jọ dá. Bí òbí bá nílò owó inú rẹ̀ nítorí ìṣòro, kó yá a lọ́wọ́ ọmọ, kó dá ọjọ́ tí yóò san án, kó sì san án lọ́jọ́ náà.

Bí ọmọ bá ti tó ọdún 9, ẹ jẹ́ kó mọ àjọ. Bó bá ń dá ₦50 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30, ₦1,500 ni. Alájọ mú ti ọjọ́ kan, ₦1,450 ló kù. Ẹ bi í ìdí tí alájọ fi mú ₦50 náà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta nínú ilé, kí wọ́n dá èsúsú láàárín ara wọn: ₦200 ẹnìkọ̀ọ̀kan ní gbogbo Sátidé, kí ẹnìkan máa kó ₦600 lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ni iṣẹ́ pọ̀ fún jù, torí yóò ṣì máa dá a fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó ti ná tirẹ̀ tán. Ẹ má bá a dá a.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, tọkùnrin tobìnrin ni. Ọmọkùnrin tí kò mọ abọ́ fọ̀ ní ọdún 12, àwa la ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́dọ̀ yín ńkọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ọmọ tí wọ́n mú wá láti abúlé? Mo máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé ń ṣe sórí bébà, láti àárọ̀ títí di àkókò oorun. Nínú àwọn ilé kan, ọmọ ọlọ́mọ nìkan ló jí ní aago márùn-ún, òun ló gbálẹ̀, òun ló pọnmi, òun ló fọ abọ́ gbogbo ilé, àwọn ọmọ ilé sì wá gba owó ọkọ̀ fífọ̀ ní Sátidé. Ìyẹn kò dára, kò sì sí àlàyé tó lè tún un ṣe. Ẹ pín iṣẹ́ oríṣi kìíní dọ́gba bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí, kí iṣẹ́ olówó sì máa yí lọ láàárín gbogbo wọn, kí ọmọ náà ní kóló tirẹ̀, kí ó sì jókòó sídìí ìwé rẹ̀ ní aago kan náà tí àwọn yòókù bá jókòó. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí abọ́ alẹ́ òní: kí ẹnìkọ̀ọ̀kan fọ èyí tó fi jẹun.