Oyè másítà nínú ìlera alábọ́ọ́dé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?

Ṣé a lè kọ́ ìtọ́jú aláìsàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni? Ta ló ń gún abẹ́rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà?

Kò sẹ́ni tó ń gún abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí tàbí bí wọ́n ṣe ń rán ojú ọgbẹ́, kó gba ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti dókítà lọ. Àwọn tó ń ṣe oyè yìí ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn tẹ́lẹ̀: nọ́ọ̀sì, dókítà, apòògùn, òṣìṣẹ́ ìlera níjọba ìbílẹ̀. Ìlera alábọ́ọ́dé (primary health care) ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí ará ìlú ń rí gbà nítòsí ilé. Ohun tí wọ́n wá kọ́ ni ìdí tí iṣẹ́ náà fi ń yọrí níbì kan tó sì ń forí ṣánpọ́n níbòmíràn. Kí ló dé tí ìyá tí ilé ìwòsàn wà nítòsí rẹ̀ fi ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ alágbo? Ta ló yẹ kó sanwó oògùn? Bí owó bá tó fún ohun kan péré, ṣé kànga ni ká gbẹ́ àbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ká rà? Ìwé kíkà, ìṣirò àti àríyànjiyàn la fi ń wádìí irú nǹkan báyìí. Ẹni tó bá ní fóònù gidi àti dátà lè ṣe gbogbo rẹ̀.

Kí ló wá le nínú ìlera alábọ́ọ́dé tí fásítì yóò fi máa fi oyè dáni lọ́lá lórí rẹ̀?

Ìjà àwọn onímọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, pe ìjọba orílẹ̀-èdè 134 jọ sí Alma-Ata, ìlú tó wà lábẹ́ Soviet nígbà náà, tí wọ́n ń pè ní Almaty ní Kazakhstan báyìí. Wọ́n fẹnu kò pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà nítòsí ibi tí èèyàn ń gbé, pé ará ìlú gbọ́dọ̀ lóhùn sí i, àti pé omi tó mọ́ àti oúnjẹ wà lára ìlera. Wọ́n ní tó bá fi máa di ọdún 2000, yóò kárí ayé.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Julia Walsh àti Kenneth Warren, kọ̀wé pé ẹrù náà ti pọ̀ jù, owó kò lè ká a. Wọ́n ní ká mú ìwọ̀nba àrùn tó ń pa ọmọdé jù, ká dojú kọ wọ́n ná. Ọ̀nà yẹn ni UNICEF tọ̀ ní àwọn ọdún 1980: wíwọn ọmọ, omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru, ọmú ìyá, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀pọ̀ ọmọ rí ìwàláàyè gbà nípasẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ láti òkè kì í sábà béèrè lọ́wọ́ ará abúlé bóyá kànga ló ń dùn wọ́n jù, níbẹ̀ sì ni mo ti dúró sẹ́yìn Alma-Ata. Ẹlòmíràn lè kà á tán kó lọ sí òdìkejì. Irú àríyànjiyàn yìí gan-an ni wọ́n ń mú wọ kíláàsì.

Ìmọ̀ òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, àbí?

Rárá o. Ẹ wo Ìmẹ̀sí-Ilé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọdé láti Ìlú Ọba tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ ìlú náà bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì, wọ́n á fa ìlà láti àmì dé àmì. Bí ìlà náà bá ti dẹ́kun àtigòkè, wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kí ojú tó rí i pé ọmọ ń rù. Ìyá ló sì ń gbé káàdì náà lọ sílé.

Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fi ohun tó ti ṣe nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọ́ àwọn dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Káàdì náà tàn ká ayé. Ìwé ìlera ọmọdé ní South Africa ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Road to Health, títí dòní. Wíwọn ọmọ tí UNICEF wá ń polongo, ibẹ̀ wà lára ibi tó ti ṣẹ̀. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì ọmọ Iléṣà bá ń san pọ́n-ùn láti kọ́ nípa rẹ̀, ẹrù ilé baba rẹ̀ ló ń rà padà. (Ó dùn mí díẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn.)

Ti Olikoye Ransome-Kuti náà wà níbẹ̀. Dókítà ọmọdé lòun náà, ó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ó sì gbé ìlera alábọ́ọ́dé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá wá kókó fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kò nílò àtilọ jìnnà: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwòsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù yín látìgbà yẹn?

Kí ló dé tí wọn ò kúkú lọ jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù?

Nítorí pé ilé ìwòsàn tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ ni ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, UCL, fásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dókítà Trisha Greenhalgh sì wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Olùkọ́ á ju ìbéèrè sílẹ̀, kálukú á dáhùn nígbà tó bá ráyè. Ará Etiópíà á ṣàlàyé bí ìjọba wọn ṣe ń sanwó oṣù fún àwọn obìnrin méjì méjì tó ń tọ́jú ìlera ní àdúgbò. Ìwọ náà á sọ ti ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sókè òkun, ìrántí ni yóò máa sọ.

Wákàtí mélòó ni yóò gbà?

Ní Ìlú Ọba, máàkì 180 (credit ni wọ́n ń pè é) ni oyè másítà, iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá sì ni wọ́n ka máàkì kọ̀ọ̀kan sí. 1,800 wákàtí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ lọ́dún méjì yóò máa ná bíi wákàtí 17 lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Níbi tó pọ̀, ẹni tó bá dúró lórí máàkì 60 tàbí 120 lè gba ìwé ẹ̀rí tàbí dípúlómà.

Owó ńkọ́?

Ó wọ́n. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth máa ń sanwó fún àwọn kan láti ṣe másítà láti ilé, ọmọ Nàìjíríà sì lè gbà á, àmọ́ kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì.

Ṣé yóò gbé mi dé òkè òkun?

Rárá, kò lè gbé yín débẹ̀. Físà tí Ìlú Ọba ń fún ẹni tó jáde ní fásítì wọn kí ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó wá gba físà akẹ́kọ̀ọ́ tó sì kàwé níbẹ̀ ló wà fún. Oyè yìí kò sì sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Nílé ńbí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yín, ẹ béèrè bóyá wọn yóò fi oyè orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé yín sókè lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gba èsì náà lákọsílẹ̀. Ọ̀gá tó bá fi ẹnu lásán ṣèlérí fún yín lè ti fẹ̀yìn tì kí ẹ tó gboyè.