Bí Ààfin Orí Omi ní Udaipur Ṣe Di Ilé Ìtura Àwọn Olólùfẹ́

Ní ìlú Udaipur, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ààfin funfun kan wà láàárín adágún Pichola tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni àlejò ń wọ̀ kó tó lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Taj Lake Palace ni wọ́n ń pè é lónìí, àwọn tọkọtaya tuntun sì ń ná owó gọbọi láti sùn níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ilé náà fún fàájì. Ṣùgbọ́n owó tó gbẹ lọ́wọ́ àwọn ọba ló sọ ọ́ di ibi tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọba lè wọ̀.

Adágún náà ṣáájú ìlú. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe sọ, oníṣòwò ọkà kan láti inú ẹ̀yà Banjara ló sé omi ibẹ̀. Ní ọdún 1559, Maharana (oyè ọba ibẹ̀ nìyẹn) Udai Singh Kejì tẹ Udaipur dó sí etí rẹ̀, ó sì mú kí omi náà fẹ̀ sí i. Àwọn ọba ilẹ̀ Mewar tó fi Udaipur ṣe olú ìlú, ìyẹn ìdílé Sisodia, gbà pé ọ̀dọ̀ oòrùn ni ìran àwọn ti ṣẹ̀ wá.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa bí ààfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Jagat Singh Kejì ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ, ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ Maharana Sangram Singh Kejì, bàbá rẹ̀, pé kí òun kó àwọn obìnrin ààfin lọ ṣe fàájì lábẹ́ òṣùpá ní Jag Mandir, ààfin mìíràn tó wà lórí omi kan náà. Bàbá rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá jẹ́ pé fàájì ló ń wá, kó lọ kọ́ ààfin tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ lára. Ní 1734 ó gorí ìtẹ́. Ní 1743 iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí erékùṣù kan tó fẹ̀ tó nǹkan bí éékà mẹ́rin, ó sì parí ní 1746. Wọ́n sọ ilé náà ní Jag Niwas, ní orúkọ ẹni tó kọ́ ọ.

Wọ́n kọjú ààfin náà sí ìlà oòrùn kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lè máa gbàdúrà sí Surya, òòṣà oòrùn, ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Yàrá kan wà lókè rẹ̀ tó rí roboto, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 21. Òkúta mábìlì dúdú àti funfun ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n gbẹ́ ihò kéékèèké sára ògiri, wọ́n sì fi òkúta aláwọ̀ mèremère ṣe ọnà yí i ká. Lójú tèmi, ẹwà yìí nìkan kọ́ ló ń fa àwọn olólùfẹ́ débẹ̀. Omi ni odi ilé náà, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàdédé yọ sí wọn.

Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947, tí ilẹ̀ Mewar àti àwọn ìlú ọba yòókù sì wọnú Rajasthan, owó orí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ó wá ku owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún àwọn ọba lọ́dọọdún, nígbà tí ààfin, àtúnṣe rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn wọn síbẹ̀. Ní Jaipur, ìlú mìíràn ní Rajasthan, Sawai Man Singh Kejì tó jẹ́ ọba ibẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ìgboyà ṣí ọ̀nà: ó sọ Rambagh, ààfin tó ń gbé, di ilé ìtura ní 1957. Bhagwat Singh, tó gorí ìtẹ́ Mewar ní 1955, ṣe bẹ́ẹ̀ sí Jag Niwas, ilé ìtura náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Didi Contractor, oníṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó tún inú rẹ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ yẹn bọ́ sákòókò gan-an, nítorí ní 1971 ni ìjọba Íńdíà tún ìwé òfin ilẹ̀ náà ṣe, tí wọ́n fagi lé owó ọdọọdún àwọn ọba, tí wọ́n sì gba oyè lọ́wọ́ wọn lábẹ́ òfin. Ọdún yẹn kan náà ni Taj, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò ilé ìtura, gba àkóso ilé ìtura náà.

Adágún tó fún ilé náà níyì tún lè já a kulẹ̀. Nígbà ọ̀dá tó jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Pichola gbẹ débi pé ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń gbé àwọn àlejò kọjá lórí ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ àwọn ọba wọ̀nyí tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bá oyè tan. Ní Neemrana, ìlú kan ní Rajasthan, àwọn ọ̀rẹ́ méjì, Aman Nath àti Francis Wacziarg, ra ààfin olódi tó ti di ahoro, èyí tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1464. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún àlejò ní 1991. Ìjọba Íńdíà náà ti wá ya irú ilé ìtura bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìpele tirẹ̀, ilé tí wọ́n bá sì ti kọ́ ṣáájú 1950 ni wọ́n ń gbà sínú rẹ̀.